Kápẹ́ẹ̀tì Inú Balùwẹ̀

Wọ́n ti jẹun tán, wọ́n ti kó àwo, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Ohun tí gbogbo ilé ń gbọ́ ni ariwo kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ kan tó ń ti abẹ́ àga bàbá wọn wá.

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí ni mo bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ ń fi ẹsẹ̀ ha kápẹ́ẹ̀tì."

"Kápẹ́ẹ̀tì ló ń ha mí lẹ́sẹ̀. Èmi jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ mi ni."

Kápẹ́ẹ̀tì títẹ́ ni iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Ọ̀gá Oníkápẹ́ẹ̀tì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí àwọn yòókù bá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tán, ojú ni wọ́n fi ń wò ó bóyá ó tẹ́jú. Òun kì í wò ó. Yóò bọ́ bàtà, yóò bọ́ ìbọ̀sẹ̀, yóò di ojú, yóò sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán rìn ín láti igun dé igun. Bí òkúta bíńtín bá wà lábẹ́ rẹ̀, yóò dúró gbọn-in, yóò ní, "Ó wà níbí." Wọn yóò ṣí i, wọn yóò sì bá a níbẹ̀. Ohun tí ahọ́n jẹ́ fún ẹni tó ń se ọbẹ̀ ni àtẹ́lẹsẹ̀ jẹ́ fún un.

Ẹsẹ̀ yẹn náà ló wá ń yún un. Ó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ìka tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e. Awọ ibẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi, ó ń bó, ó ń sán, ó sì ń rùn. Láti ibẹ̀ ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá àbúrò mi," ni ìyàwó wí. "Nọ́ọ̀sì ni. Ojoojúmọ́ ló ń rí irú ẹsẹ̀ báyìí."

Ọ̀gá gbójú sókè wo ìṣó kan lára ògiri.

Bàtà kan ṣoṣo ló wà lórí ìṣó náà, bàtà dúdú, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọjọ́ tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ kó lọ sílé tuntun, gbogbo ẹbí lọ bá a yọ̀. Ọ̀gá kò tíì jókòó tán tí nọ́ọ̀sì yìí fi fọwọ́ bo imú, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kó bàtà yín síta." Lójú àlejò! Ó kó o síta. Nígbà tí wọ́n máa padà sílé, ajá kan ti gbé ti òsì lọ. Ọ̀gá gbé ti ọ̀tún wálé, ó gbé e kọ́ ìṣó, ó sì búra pé ibẹ̀ ni yóò wà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Láti ìgbà náà, kò bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ bàtà kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tíì fi ẹsẹ̀ bàtà kan rìn gba ìgboro kọjá rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ náà rí bàtà yẹn," ni ó wí. Ọ̀rọ̀ sì parí.

Ní àsìkò yẹn, màdámù kan ń kọ́ ilé ìtura. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó tóbi jù tí Ọ̀gá fojú kàn rí: gbọ̀ngàn, ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá lókè àti nísàlẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì funfun bí owú nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ náà láṣeyọrí, kò sí ilé ńlá tí kò ní ránṣẹ́ pè é. Màdámù ní kó wá tẹ́ yàrá kan wò ná. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ló lọ, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Gọ́ọ̀mù nítorí pé òun ló ń po gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ kápẹ́ẹ̀tì.

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ yín ń ríran," ni Màdámù wí nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ tán. "Ẹ jẹ́ n rí i."

"Màdámù, ẹ ò ṣe jẹ́ kí ẹnìkejì mi rìn ín lónìí?"

"Ẹsẹ̀ tèmi fọ́jú, Ọ̀gá," ni Gọ́ọ̀mù yára dáhùn.

Ọ̀gá bọ́ bàtà. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Màdámù wo ẹsẹ̀, ó wo kápẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ilẹ̀kùn.

"Kí lèyí?"

"Òógùn lásán ni, Màdámù."

"Òógùn kì í bó, Ọ̀gá Oníkápẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Gbogbo yàrá ni n óò tẹ́ bó ṣe yẹ. Kódà, n óò tẹ́ ẹ dé inú balùwẹ̀ fún yín. Kò sí ilé ìtura kankan tó ní irú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ yẹn dùn mọ́ Màdámù nínú. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé ẹsẹ̀. "Kápẹ́ẹ̀tì tó kù ṣì wà lójú omi," ni ó wí. "Ó máa tó oṣù méjì kó tó dé. Tó bá dé tí ẹsẹ̀ yín ti san, iṣẹ́ yín ni. Tí kò bá san, ẹ má bínú, n óò pe ẹlòmíì. Mi ò lè fi ìyẹn tẹ ibi tí àlejò mi máa sùn."

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Ọ̀gá fi dojú kọ Gọ́ọ̀mù.

"Gọ́ọ̀mù tuntun tí o rà yẹn ló jẹ mí lẹ́sẹ̀."

"Ọ̀gá, ọwọ́ ni mo fi ń pò ó. Ẹ wo ọwọ́ mi." Ọwọ́ náà ń dán.

"Ó mọ ẹni tó ń jẹ."

"Gọ́ọ̀mù ló mọ èèyàn yàn?"

"Gọ́ọ̀mù. Àti ẹni tó ń jẹ́ Gọ́ọ̀mù."

Wọn kò jọ rìn délé. Ọ̀gá fi Gọ́ọ̀mù kún àwọn tí kò bá sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ lọ.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dókítà ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ da kẹrosíìnì sí i. Ó ta á débi pé ó fi ẹsẹ̀ kan tọ yí àgbàlá ká, àwọn adìẹ sì ń sá níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi oògùn tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Awọ ẹsẹ̀ là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Bó bá ti ń dùn ún tó báyìí, balùwẹ̀ ló máa ń sá lọ, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti balùwẹ̀ yìí. Òun nìkan ló tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí balùwẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Àjákù iṣẹ́ ló fi ṣe é, kápẹ́ẹ̀tì pupa tó nípọn, láti ògiri dé ògiri, láìsí àlàfo tí abẹ́rẹ́ lè gbà. Orí rẹ̀ ni bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ ti ń wẹ̀. Bí àlejò bá dé, á mú un lọ wò ó, á ní, "Àwọn ọba náà ń wẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì."

Lọ́jọ́ kan ni ọkùnrin kan tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn gba òpópónà wọn kọjá. "Ìyún ẹsẹ̀! Ìyún ara! Ẹ̀yìn ríro! Àìróorunsùn! Ìyàwó tí kì í gbọ́ràn! Ìpara kan, iṣẹ́ márùn-ún!"

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹsẹ̀?" ni Ọ̀gá bi í.

"Bàbá, ó ń ṣiṣẹ́ fún àìsàn tí ẹ ò tíì ní."

Ó rà á. Kí a má parọ́, ìyún náà lọ kíá. Pupa rẹ̀ rọlẹ̀. Ọ̀gá na ẹsẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Nọ́ọ̀sì ilé yín dà? Ẹ pè é kó wá wò ó." Ìyàwó rẹ̀ ń rọra fi gìgísẹ̀ họ àárín ọmọ ìka tirẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Bí ìpara náà ṣe tán ni ìyún padà dé, ó sì kó àwọn ará ilé rẹ̀ dání. Ó yọ ní róbótó-róbótó sórí ẹsẹ̀, ó gun ọrùn ẹsẹ̀, ó tún yọ sí ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń họ ọ́. Bàtà kò ṣeé wọ̀ mọ́. Ọ̀gá ń fi gìgísẹ̀ rìn bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀, kò tọrọ àyè mọ́. Ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, tòun ti báàgì rẹ̀. Ó wo bàtà tó wà lórí ìṣó, ó wo ẹni tó ni bàtà.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀gá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Sọ fún àlejò rẹ pé mo gbọ́."

"Ó ní òun gbọ́."

"Ẹ jẹ́ n wo ẹsẹ̀ yẹn."

"Sọ fún un pé ẹsẹ̀ náà kò sí nílé."

"Ó ní ẹsẹ̀ kò sí nílé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bi wọ́n pé ìgbà wo ló máa dé," ni nọ́ọ̀sì wí. "Mo gbọ́ pé ó ku oṣù kan péré kí kápẹ́ẹ̀tì Màdámù dé. Ẹsẹ̀ tí kò bá tètè dé, iṣẹ́ á kọjá lórí ẹ̀."

Kò pẹ́, ẹsẹ̀ dé. Ọ̀gá nà án síwájú, ó sì kọjú sí ògiri.

Nọ́ọ̀sì wọ ìbọ̀wọ́. Ó ya ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀, ó wo èékánná, ó wo ọwọ́.

"Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Sọ fún un pé láàárín àwọn ọmọ ìka kéékèèké. Kí o sì sọ fún un pé gọ́ọ̀mù ló fà á."

"Tó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ni, ibi tó kàn ló máa jẹ. Ọwọ́ yín ni ì bá kọ́kọ́ ṣe, kì í ṣe kọ̀rọ̀ àárín ọmọ ìka. Òótọ́ ni pé bàtà tàbí ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ máa ń bá ẹsẹ̀ ẹlòmíì jà. Ṣùgbọ́n àwòrán bàtà ni ìyẹn máa ń yà sára: bí okùn tàbí awọ bàtà ṣe rí ni èélá náà máa rí. Eléyìí, làpálàpá ẹsẹ̀ ni."

"Làpálàpá? Ṣé ọmọdé ni mí?" Ọ̀gá rántí ara rẹ̀, ó yíjú sí ìyàwó. "Sọ fún un pé mo ní ṣé ọmọdé ni mí."

"Kò mọ ọmọdé, kò mọ àgbà. Ẹ rí èbu tó ń hù lára búrẹ́dì tó bá pẹ́ nínú ọ̀rá? Ìbátan ẹ̀ ni. Ibi tó bá gbóná, tó lọ́rinrin, tó sì ṣókùnkùn ló ń gbé. Inú bàtà yín ńkọ́?"

Ìyàwó ló dáhùn: "Ó gbóná, ó lọ́rinrin, ó ṣókùnkùn."

"Kí lẹ ti fi sí i?"

Wọ́n ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ó pariwo nígbà tó gbọ́ kẹrosíìnì, ó di orí mú nígbà tó gbọ́ omi aṣọ funfun. Nígbà tí wọ́n gbé páálí ìpara jáde, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ó gbà mí o," ni Ọ̀gá wí fún ògiri.

"Kò gbà yín. Oògùn tó ń pa ìyún lẹ́nu mọ́ ni wọ́n pò mọ́ ọn. Ẹ gbọ́: olè wọ ilé, ajá ń gbó. Dípò kí ẹ lé olè, ẹ fún ajá ní oògùn oorun. Ilé pa rọ́rọ́, ẹ ní ó ti bùṣe. Olè sì ń kó ẹrù láti yàrá dé yàrá. Ohun tó gbé e dé ọrùn ẹsẹ̀ àti ọwọ́ yín nìyẹn."

Ọ̀gá yíjú padà kíá. "Sọ fún un kó má dárúkọ ajá nínú ilé yìí!"

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń fẹsẹ̀ họ ẹsẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì rí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà? Ẹ na ẹsẹ̀ wá. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó wo gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tí kò ní in. "Ṣé aṣọ ìnura kan náà lẹ jọ ń lò?"

"Rárá o. Kálukú ló ní tirẹ̀. Sálúbàtà náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni."

"Níbo wá ni ẹsẹ̀ yín ti ń pàdé?" Wọ́n ṣì ń rò ó tí nọ́ọ̀sì fi bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gba balùwẹ̀ lọ kó lọ fọwọ́.

*Fẹ̀ẹ̀!*

Ìró kan nìyẹn. *Fẹ̀ẹ̀!* Ìkejì nìyẹn. Omi ń jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó tẹ kànìnkànìn.

"Kí lèyí o?"

Ọ̀gá fò dìde, ó fi gìgísẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi gbàgbé pé àwọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. "Kápẹ́ẹ̀tì ni! Láti ògiri dé ògiri! Àwọn ọba náà ń wẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì."

"Ìgbà wo ló gbẹ kẹ́yìn?"

Ọ̀gá wo ìyàwó, ìyàwó wo àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ tó ti tẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó rí i ní gbígbẹ rí.

Nọ́ọ̀sì fi ìka méjì ká igun kan sókè. Abẹ́ rẹ̀ dúdú. Òórùn kan jáde wá, Ọ̀gá sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Òórùn bàtà orí ìṣó ni.

"Ibi tí ẹsẹ̀ yín ti ń pàdé rèé," ni nọ́ọ̀sì wí. "Awọ tó ń bó lára ẹnì kan, orí ibí yìí ló ń bọ́ sí, ẹni tó tẹ̀ lé e á sì gbé e. Ẹ lè fi oògùn gidi lé e lọ láàárọ̀. Tí ẹ bá wẹ̀ lálẹ́, ẹ ti tún gbà á padà."

"Mi ò ní tú u."

"Ẹ má tú u. Màdámù á pe ẹlòmíì."

Ọ̀gá dúró. Ó wo kápẹ́ẹ̀tì pupa náà. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń rí òkúta lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí kò sì rí èyí. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ iṣẹ́ òun wá. Ó gé e bó ṣe tẹ́ ẹ, ní títọ́, láìfa okùn kan yọ, ó ká a, ó sì gbé e síta. Àwọn ọmọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìyá wọn ṣẹ́jú sí wọn.

Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì jókòó, tó sì ṣàlàyé. Kí wọ́n lọ gba ìpara tó ń pa èbu ara ní ilé ìwòsàn tàbí ilé oògùn tó níwèé àṣẹ. Kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ẹsẹ̀, kí wọ́n nù ún gbẹ, pàápàá àárín ọmọ ìka, kí wọ́n tó fi í pa á láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí wọ́n pa á kọjá etí ibi tó ń yún.

"Tí kò bá yún mọ́, ẹ má dúró. Ẹ máa fi sí i lọ títí di ìgbà tí wọ́n bá ní kí ẹ dá a dúró. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nǹkan míì tún wà, ẹ̀gbọ́n: ẹ máa wọ ìbọ̀sẹ̀ kí ẹ tó wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà gbé e gba inú àwọ̀tẹ́lẹ̀ dé abẹ́."

"Sọ fún un," ni Ọ̀gá wí, "pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lójú àna."

Ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì pé tí Ọ̀gá fi ju ìpara sí kọ̀rọ̀. "Kò yún mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ gbé e padà. "Olè ti sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni, kò tíì jáde nílé. Ẹ na ẹsẹ̀ wá."

"Ṣé ìwọ náà ti di nọ́ọ̀sì?"

"Mo ti di ajá. Mò ń gbó."

Ó na ẹsẹ̀. Wọ́n fọ ìbọ̀sẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná, wọ́n sá bàtà sóòrùn, ilẹ̀ balùwẹ̀ ń gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ìròyìn kàn pé ẹrù Màdámù ti dé, awọ ẹsẹ̀ Ọ̀gá ti ń dán, nọ́ọ̀sì sì ti wò ó, ó ní ó tó.

Ó lọ kan ilẹ̀kùn Gọ́ọ̀mù.

"Màá nílò gọ́ọ̀mù lọ́la."

"Èyí tó ń jẹni lẹ́sẹ̀?"

"Èyí tó ń lẹ̀."

Gọ́ọ̀mù wò ó títí. Ó mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ tí òun máa rí gbà láyé òun nìyẹn. Ó wọlé lọ gbé garawa rẹ̀.

Wọ́n tẹ́ gbọ̀ngàn ilé ìtura tán. Ọ̀gá bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Màdámù sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà, ó sì dìde, ó yà lọ́nà fún un. Ọ̀gá di ojú, ó rìn. Ní àárín gbọ̀ngàn ó dúró gbọn-in.

"Ó wà níbí."

Gọ́ọ̀mù ṣí i. Ìdérí ẹ̀yìn bíírò ló wà níbẹ̀, kò ju èékánná lọ. Màdámù pàtẹ́wọ́.

"Ó ku àwọn balùwẹ̀, bí ẹ ṣe ṣèlérí."

"Màdámù, ìyẹn, rárá o."

"Ẹ ní kò sí ilé ìtura tó ní irú ẹ̀!"

"Ìdí tí kò fi sí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àlejò yín wẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ń gbẹ."

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì yà kí wọn. Ó mú sálúbàtà tuntun dání fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ọ̀tún àti òsì pé. Ọ̀gá gbà á, ó wọ̀ ọ́, ó rìn ín wò. Lẹ́yìn náà ó yọ bàtà orí ìṣó, ó gbé e lọ sóòrùn. Ìyàwó àti àbúrò fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó gbẹ tán, ó gbé e wọlé, ó sì gbé e kọ́ ìṣó padà.

"Àbúrò," ni ó wí, ojú ẹ̀ ni ó sì ń wò lọ́tẹ̀ yìí, "o ṣeun. Ẹsẹ̀ ti san. Ọ̀rọ̀ bàtà kò tíì san."

Ẹ̀yin tó ka ìtàn yìí, bóyá ẹ ò tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí balùwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè ní àkísà tútù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí gbogbo ilé ń tẹ̀. Ẹ sá a gbẹ tàbí kí ẹ kó o kúrò. Ẹ nu àárín ọmọ ìka yín gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí bàtà rí oòrùn, ẹ má yá ara yín ní bàtà tàbí aṣọ ìnura, ẹ sì wọ sálúbàtà ní balùwẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò.

Tí ẹsẹ̀ bá ń yún yín, ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi ìpara àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó pa ajá lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń yọ lẹ́sẹ̀ ni làpálàpá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ó. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ lo oògùn náà parí, kí gbogbo ará ilé tó bá ní in sì jọ lò ó pọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tó pupa tó sì gbóná, tí ọyún ń jáde, tàbí tí ibà dé, ẹ má dúró dọ̀la, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ fi egbò ẹsẹ̀ ṣeré rárá, bó ti wù kó kéré tó.

Tí ẹ bá sì ń bá ẹni tó lè wò yín jà, ẹ máa bá ìjà yín lọ. Ẹ ṣáà na ẹsẹ̀ sí i.